Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ìbọn Lórúkọ

Bí wọ́n bá gbé ìbọn tráàpù ẹlẹ́nu kan ti ayé àtijọ́ wá sí gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe bóyá ó ṣì ṣeé yìn ni àwọn tó mọ ọjà náà kọ́kọ́ ń béèrè. Ìpele tó wà ni wọ́n ń wá. Ìbọn ìpele ìsàlẹ̀ àti ti ìpele òkè lè ti ilé-iṣẹ́ kan náà jáde lọ́dún kan náà, kí irin inú wọn má sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Igi ìdí wọn ló yàtọ̀, pẹ̀lú ọnà tí wọ́n fín sára wọn àti iye wákàtí tí oníṣọ̀nà fi jókòó tì wọ́n. Síbẹ̀ owó ọ̀kan lè fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti èkejì lọ. Níbi tí owó bá ti wà nínú orúkọ báyìí, ẹni tó bá pe orúkọ náà gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó ti rí i. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìbọn ni ẹlẹ́rìí tó yẹ kí a kọ́kọ́ pè, ká tó wo ọnà ara rẹ̀, ká tó gbọ́ ìtàn tí ẹni tó ń tà á ń sọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ìbọn, nítorí ilé tí ìbọn ti jáde ṣì ní ohun tó lè sọ, bí ilé náà tilẹ̀ ti wó.

Tráàpù ni eré tí wọ́n ti ń fi ìbọn ta àwo amọ̀ tí ẹ̀rọ jù sófuurufú. Ẹyẹlé ààyè ni wọ́n ń tú sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí George Ligowsky ará Cincinnati fi ṣe ẹyẹ amọ̀ tirẹ̀ jáde ní 1880. Nígbà tó fi máa di 1900, wọ́n ti ń fi àwo amọ̀ díje nínú Grand American Handicap, ìdíje tó gbajúmọ̀ jù nínú eré náà. Níbi ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ ìbọn ta jù ni wọ́n ń tì sẹ́yìn jù: lónìí, yáàdì 27 ni ibi tó jìnnà jù. Àwo kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan nínú tráàpù Amẹ́ríkà lásán, ọta kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbà kí ènìyàn yìn sí i. Ẹnu kejì wá di ẹrù lásán lórí ìbọn. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbọn ńláńlá Amẹ́ríkà fi ṣe èyí tó jẹ́ ẹnu kan péré, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 30, 32 tàbí 34, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dúró lórí ọ̀pá náà láti darí ojú. Ithaca ní ìlú Ithaca, ìpínlẹ̀ New York, ti ní tirẹ̀ ní 1914. Parker Brothers ti Meriden ní Connecticut àti Hunter Arms ti Fulton ní New York, tó ń ṣe ìbọn L.C. Smith, gbé tiwọn jáde ní 1917. A.H. Fox ti Philadelphia tẹ̀ lé wọn ní 1919. Ọlọ́rọ̀ àti gbajúmọ̀ ń ṣe eré náà nígbà yẹn. John Philip Sousa, olórí ẹgbẹ́ olórin ológun tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ithaca fi orúkọ rẹ̀ pe ìpele tó ga jù nínú ìbọn wọn.

Kálukú wọn ló fi ọ̀nà tirẹ̀ pín ìbọn sí ìpele, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Parker lo lẹ́tà: SC, SB, SA, SAA, àti SA-1 Special. S tó ṣáájú dúró fún ẹnu kan, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ìpele, bí lẹ́tà náà bá sì ṣe ń padà sọ́dọ̀ A ni ìbọn ń ga sí i. Fox náà lo lẹ́tà, J, K, L àti M, ṣùgbọ́n J ni ìsàlẹ̀, M sì ni òkè pátápátá. Ẹni tó bá fi òye Parker ka Fox yóò dorí gbogbo rẹ̀ kodò. Ithaca fi nọ́ńbà àti orúkọ lú ara wọn: Victory wà nísàlẹ̀, 4E, 5E àti 7E tẹ̀ lé e, Sousa sì wà lókè. E inú rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìpele rárá, ohun tó ń sọ ni pé ìbọn náà máa ń ju èèpo ọta tó ti yìn síta fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, Ithaca fi owó gan-an pe ìpele òkè rẹ̀, ó ń jẹ́ $1000 Grade, bí ọjà sì ti ń gbówó lórí ni orúkọ náà ń yí padà di $2000, ó di $5000. Ìpele òkè kan ṣoṣo ló ń gbórúkọ kiri báyìí. Bí ènìyàn kò bá mọ ọdún tí ìbọn náà jáde, orúkọ tó bá gbọ́ kò lè ràn án lọ́wọ́.

L.C. Smith ló tún le jù, nítorí náà n ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Títí di 1913, nọ́ńbà àti lẹ́tà ni Hunter Arms fi ń pe ìpele ìbọn ẹlẹ́nu méjì wọn. Lọ́dún náà ni wọ́n yí i sí orúkọ, bíi Specialty, Eagle, Crown, Monogram, Premier àti DeLuxe. Nígbà tí ẹlẹ́nu kan dé ní 1917, orúkọ wọ̀nyí ni wọ́n lò fún un, Olympic sì wá di orúkọ tó jẹ́ ti ẹlẹ́nu kan nìkan. Ṣùgbọ́n láàárín orúkọ ọdún 1913 yẹn ni ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Trap, ìbọn ẹlẹ́nu méjì sì ni. Nítorí náà bí ènìyàn bá gbọ́ "Smith, ìpele Trap," kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa ìbọn tráàpù ẹlẹ́nu kan. Orúkọ ilé-iṣẹ́ pàápàá lè ṣini lọ́nà. Lyman Cornelius Smith ti ta iṣẹ́ ìbọn rẹ̀ fún àwọn Hunter kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ó ti gba ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ, ó sì kú ní 1910. Ọdún méje lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìbọn tráàpù ẹlẹ́nu kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ansley Fox náà ti kúrò nínú ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní Philadelphia kí J, K, L àti M tó dé. Àwọn tó ṣe ìbọn kò sí nínú orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Kí ènìyàn má sì rò pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin ìbọn nìkan tó. Fox bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ìbọn tráàpù ẹlẹ́nu kan rẹ̀ láti 400000, gbogbo èyí tó ṣe kò sì tó 600. Ithaca, nígbà tó pa ìbọn tí Emil Flues ya àwòrán rẹ̀ tì ní 1922, tó sì bẹ̀rẹ̀ èyí tí Frank Knickerbocker ya, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Knick, láti 400000 ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà tó jọ ara wọn wà lára ìbọn ìlú méjì, wọn kò sì jẹ́ nǹkan kan sí ara wọn. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn ni nọ́ńbà. Ó lè mú ènìyàn dé ilé, àwọn tó wà nínú ilé ni yóò sọ̀rọ̀.

Ta ló wà nínú ilé náà? Akọ̀wé ni. Ní Meriden, akọ̀wé Parker ń kọ ọjà tó wà nílẹ̀ sínú ìwé kan, ó sì ń kọ ohun tí oníbàárà béèrè sínú ìwé mìíràn: nọ́ńbà ìbọn, ìpele, gígùn ọ̀pá, bí ẹnu ọ̀pá ṣe fún tó, ìwọ̀n igi ìdí, ọjọ́, àti ẹni tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Láti inú àwọn ìwé yìí ni ẹgbẹ́ Parker Gun Collectors Association ti ń wá àlàyé tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà ìwádìí fún ẹni tó bá béèrè. Àkọsílẹ̀ L.C. Smith wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Buffalo Bill Center of the West ní ìlú Cody, ìpínlẹ̀ Wyoming, níbi tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Fox ní káàdì fún ìbọn kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ṣègbé. Ohun tó mú kí ìwé wọ̀nyí lágbára kì í ṣe ogbó wọn. Akọ̀wé tó kọ wọ́n kò ní èrè kankan nínú irọ́. Nítorí kí owó lè pé, kí ìbọn lè dé ọwọ́ ẹni tó rà á, kí oníbàárà má bàa pariwo pé ohun tí òun béèrè kọ́ nìyí, ló ṣe kọ ọ́. Kò ro àwa tí à ń kà á lónìí. Bí ó bá kọ SC, SC ni yóò gba owó rẹ̀. Bí ó bá kọ SA sí ibi tí SC wà, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi í. Ṣùgbọ́n wọ́n fín ọnà ara ìbọn kí ojú lè rí i ni, kí ó lè wu ènìyàn, kí ó lè tà. Láàárín ẹlẹ́rìí tó ń sọ̀rọ̀ láìmọ̀ pé ẹjọ́ ń bọ̀ àti èyí tó múra wá sí kóòtù, mo mọ èyí tí n ó kọ́kọ́ gbọ́.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ìbọn kò ní gba èyí láìjà. Wọ́n á ní ojú àwọn tó. Wọ́n mọ bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń fín ewé, bí ẹyẹ SB ṣe ń dúró, iye ìlà tó wà lára igi ìpele yìí àti ti ìpele yẹn. Mi ò fojú kéré ìmọ̀ náà, a kò sì lè ṣe láìsí i. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló ń dá ojú lẹ́bi. Èkíní, oníbàárà tó bá lówó lè sọ fún ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n fi igi tó dára sí i sórí ìbọn ìpele ìsàlẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọnà díẹ̀ kún un, wọ́n á sì ṣe é. Ìbọn náà yóò ṣe bí ọmọ ọba lójú ẹni tó ń wò ó, ìpele tí wọ́n kọ fún un nínú ìwé kò sì yí padà. Èkejì, igi máa ń fọ́, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi igi ṣe ẹ̀rí lè máa wo igi tí a gbẹ́ ní ogójì ọdún lẹ́yìn tí ìbọn ti jáde. Ẹ̀kẹta ló burú jù: àwọn oníṣọ̀nà tó mọṣẹ́ gan-an wà tó lè gba SC, kí wọ́n sì fín in bí SAA. Bí ilà ojú ni ọnà ìbọn rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní abẹ tó mú tí ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lè kọ ilà ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí oníṣọ̀nà náà bá ṣe mọṣẹ́ tó ni ojú wa yóò ṣe tàn wá jẹ tó, nítorí náà ìbọn tó níye lórí jù gan-an ni ojú lásán ti máa ń kùnà jù.

Wọ́n á tún sọ pé ìwé náà kò pé. Òótọ́ ni, ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì fi ìdí rẹ̀ hàn. Remington ra Parker ní 1934, ó sì kó iṣẹ́ náà kúrò ní Meriden lọ sí Ilion ní New York kí ọdún mẹ́wàá yẹn tó parí. Savage ra Fox ní 1929, ó kó o kúrò ní Philadelphia lọ sí Utica. Marlin ra Hunter Arms ní 1945. Ní 1949, ilẹ̀ pẹpẹ ilé-iṣẹ́ Fulton wó lulẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí iṣẹ́ fi dúró. Ìwé tó bá ti inú kíkó, títà àti wíwó bẹ́ẹ̀ kọjá kò lè má pàdánù ojú-ewé. Akọ̀wé pẹ̀lú, ènìyàn ni, ọwọ́ rẹ̀ lè ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àríwísí yìí fi hàn gan-an. Ó fi hàn pé àwọn ìbọn kan wà tí a kò ní rí ìwé wọn. Kò fi hàn pé èyí tí a rí ìwé rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́. Bí ìwé kò bá sí, ohun tó tọ́ ni kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí, kí a sì jẹ́ kí ìpele tí a bá fi ojú mọ̀ máa jẹ́ ohun tí a fi ojú mọ̀, kí a má ṣe sọ ọ́ di òtítọ́ tó ti ilé-iṣẹ́ wá. Ohun tó ń ba ọjà náà jẹ́ ni pé àwọn oníṣòwò kan máa ń fi àìsí ìwé ṣe ààyè fún ohunkóhun tó bá wù wọ́n láti sọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé baba àjèjì kan ti kú tó wá lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ara rẹ̀ ṣe àrólé rẹ̀.

Àríwísí tó tún lágbára ju méjèèjì lọ nìyí: lẹ́tà ìwádìí ń sọ̀rọ̀ nípa nọ́ńbà, kò rí ìbọn. Ọlọ́gbọ́n jìbìtì kan lè mọ̀ pé nọ́ńbà kan nínú ìwé jẹ́ ti SA, kí ó sì tẹ nọ́ńbà náà mọ́ irin mìíràn, kí lẹ́tà tó jẹ́ òtítọ́ pátápátá wá máa jẹ́rìí sí ayédèrú. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kí a fi lẹ́tà parí ọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó pe ìbọn wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn. Ìwé ní ínǹṣì 32: ṣé 32 ni ọ̀pá yìí, tàbí wọ́n ti gé e? Ìwé sọ bí ẹnu ọ̀pá ṣe fún tó: ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí, tàbí wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ lójú? Ìwé sọ ìwọ̀n igi ìdí láti òkè dé ìsàlẹ̀: ṣé igi yìí bá a mu? Àwọn ilé-iṣẹ́ yìí kì í sì í tẹ nọ́ńbà sí ojú kan ṣoṣo. Ó máa ń wà lára irin àárín, lábẹ́ ọ̀pá, àti lára irin tó wà nínú igi iwájú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọ̀kan, tí lẹ́tà ìpele tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní kékeré bá ìpele inú ìwé mu, jìbìtì náà yóò ti nira gan-an. Ẹni tó fẹ́ purọ́ yóò ní láti purọ́ ní ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo irọ́ náà sì bá ara wọn mu. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi àpá sílẹ̀ níbì kan.

Àríwísí kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún, nítorí àwọn tó fẹ́ràn ọnà ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní bí oníṣọ̀nà ńlá kan bá fín SC títí tó fi dára ju SA ilé-iṣẹ́ lọ, kí ló kàn wá pẹ̀lú ohun tí akọ̀wé kan kọ? Ohun tó wà níwájú wa lẹ́wà, ó tó. Mo gbà pé ó lẹ́wà, ó sì lè yẹ kí owó rẹ̀ pọ̀ ju ti SA lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣọ̀nà náà ni kí wọ́n san owó náà fún, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá pè é ní SAA, wọ́n ti jí iṣẹ́ oníṣọ̀nà náà gbé fún ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe é, wọ́n sì tún ti ba iye àwọn SAA gidi jẹ́, nítorí bí èyí bá di mẹ́wàá, ẹni tó ń kà á yóò rò pé ilé-iṣẹ́ ṣe mẹ́wàá sí i. Ìpele kì í ṣe oyè ẹwà. Ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Meriden tàbí Fulton lọ́jọ́ kan pàtó: kí ni wọ́n ṣe, fún ta, iye tí wọ́n gbà.

Ẹjọ́ tó le jù ni ti ìbọn tó padà sílé. Oníbàárà lè ra SC, kí ó fi yìn fún ọdún mẹ́ta, kí ó wá fi í ránṣẹ́ padà sí ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n fín in sí i, kí wọ́n yí igi rẹ̀ padà, wọ́n á sì ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, bóyá àwọn ọwọ́ kan náà. Àwọn kan ní bí ìbọn náà ti jáde ní ìgbà kejì ni kí a máa pè é. Àwọn mìíràn ní SC ni títí láé. Èrò tèmi ni pé kí a pè é ní méjèèjì, pẹ̀lú ọdún méjèèjì: "SC nígbà tó jáde, ilé-iṣẹ́ gbé e ga lẹ́yìn náà," kí ìwé ìgbà kejì sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ bó bá wà. Ó gùn lẹ́nu, kò sì ní dùn mọ́ àwọn tó ń kọ ìwé gbàǹjo, ṣùgbọ́n ìbọn tó ti ṣe ayé méjì kò ṣeé fi lẹ́tà méjì sọ. Bí ìwé ìgbà kejì kò bá sí, tí ó sì jẹ́ ìtàn ẹnu nìkan ló sọ pé ilé-iṣẹ́ ni ó gbé e ga, kí a kọ ìtàn ẹnu náà sílẹ̀ bí ìtàn ẹnu.

Ewu kan kù tí mo rò pé ó ju ayédèrú lọ, nítorí àwọn tó ń fà á kò ní ète búburú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá ra ìbọn ẹlẹ́nu kan tó ti gbó máa ń gbé e lọ bá ẹni tí yóò tún un ṣe: kí ó fi nǹkan ha irin rẹ̀ títí yóò fi dán, kí ó tún kun ún, kí ó ha igi rẹ̀ pẹ̀lú. Ìbọn á tún dàbí tuntun. Àmọ́ lẹ́tà kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀pá kò jinlẹ̀. Bí wọ́n bá ha á lẹ́ẹ̀kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, bí wọ́n bá ha á lẹ́ẹ̀mejì ó lè parẹ́ pátápátá. Nọ́ńbà inú igi iwájú lè bá a lọ. Lẹ́yìn náà, bí lẹ́tà ìwádìí bá dé láti Cody tàbí láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Parker pé nọ́ńbà yìí jẹ́ Monogram, tàbí SB, kò ní sí ohun tó kù lára ìbọn tó lè dá a lóhùn. Kí ẹni tó bá ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kọ̀wé béèrè ìwádìí rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ fún àtúnṣe, kí ó ya àwòrán gbogbo ibi tí nọ́ńbà àti lẹ́tà wà, kí ó sì sọ fún alátùn-únṣe pé kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣe dé abẹ́ ọ̀pá.